Ta Ló Fi Aṣọ Dí Ihò Pẹ́dà?

Etí títì ní Thinkers Corner, ní Enugu, ni Sírájúdéènì ti ń tún alùpùpù ṣe, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Mùjídàt, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti alùpùpù ògbólógbòó kan dé, irú èyí tó ní pẹ́dà bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Pẹ́dà apá òsì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mùjídàt yìí ló ń wẹ Sírájúdéènì ní kékeré, àmọ́ wọ́n ti bí i sílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Ọkọ ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínmẹ́nugún ló ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi, Eyínmẹ́nugún." Ó kúnlẹ̀, pẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Ìyàwó wa! Ṣé kì í ṣe alùpùpù Bùrọ̀dá nìyí? Èyí tí wọn kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé?"

"Òun ni. Mo ní kí n sáré fi dé àdúgbò Amechi ni. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi, ni ẹsẹ̀ mi òsì bá ń tẹ afẹ́fẹ́. Bí mo ṣe wẹ̀yìn, pẹ́dà ti wà láàárín títì, oníkẹ̀kẹ́ kan ń fọn fèrè fún un pé kó kúrò lọ́nà."

"Bùrọ̀dá mọ̀?"

"Ṣé orí mi ti dàrú ni? Wọ́n ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Emene báyìí. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe é kí wọ́n tó délé, mo gbé! Ọjọ́ tí mo fi aṣọ nù ún, wọ́n bi mí bóyá mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti ṣèlérí níwájú ìyá wọn pé mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Sírájúdéènì bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí ihò tó wà lórí apá pẹ́dà, ó pòṣé.

"Ṣé o gbìyànjú àtidè é padà?"

"Mo dè é. Bí mo ṣe ń dè é ló ń jáde."

"Tòsì ni! Òdì ni wọ́n ń yí tòsì!"

"Wọn ò kúkú kọ ọ́ sí i lára."

"Àwa tá a mọ̀ ọ́n, a mọ̀ ọ́n." Ó fẹ àyà. "Tíréèdì inú ihò yìí, ìlà tó ń di pẹ́dà mú, ti jẹ tán. Ó ń dán bí inú ife."

"Yéè! Ó ti parí nìyẹn?"

"Lọ́wọ́ èmi? No shaking! Màá gbẹ́ ihò yìí fẹ̀ sí i, màá ti búùṣì, òrùka irin, bọ̀ ọ́, màá wá gé tíréèdì tuntun sínú búùṣì. Alùpùpù tuntun á máa jowú ẹ̀."

Ó ki sukurudíráfà bọ inú ihò. Nǹkan dúdú kan yọrí. Ó fà á, kò jáde.

"Hà! Aṣọ! Wọ́n fi aṣọ dí ihò kí pẹ́dà lè há! Ìyàwó, mẹkáníìkì wo ló ṣe èyí?"

"Èmi ò mọ̀ o."

"Kì í ṣe mẹkáníìkì. Oníṣẹ́ ibi ni. Ọ̀lẹ! Ọ̀dájú!"

"Ẹ rọra o, ọkọ mi."

"Mi ò ní rọra! Kéèyàn máa lọ lórí títì, kó jẹ́ àkísà ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró! Ojú onítọ̀hún á já a!"

"Àmín."

"Bí mo bá rí i, ibí yìí ló máa kúnlẹ̀ sí. Eyín ẹnu ẹ̀ ló máa fi fa aṣọ yìí jáde!"

"Àmín o. Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́."

Ó fi puláyà fà á. Ìrépé kan já jáde, gíríìsì bò ó. Mùjídàt gbà á, ó fi ìka nù ún. Òwú aláwọ̀ wúrà kọ mànà.

"Ọkọ mi, mo mọ aṣọ yìí."

"Àkísà ni, sọ ọ́ nù."

"Gèlè mi ni! Gèlè tí mo wé níbi ìkómọ Qonitah ọmọ wa! Èyí tó pòórá lórí okùn!"

"Èyí tó o ní Sikirat ará ilé yín jí?"

"Òun náà! Láti Iléyá èṣí, èmi àti ẹ̀ ò kíra. Kódà mo ti bá a jà lójú gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù. Yéè, Sikirat, mo ti ṣẹ̀ ọ́!"

Àyà tí Sírájúdéènì fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to sípánà tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó... aṣọ yìí ò tiẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Bóyá òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bóyá kò sí búùṣì nílẹ̀."

"Ẹni tí ẹ ní oníṣẹ́ ibi ni?"

"Ọ̀rọ̀ ìbínú nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọmọ dáadáa."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"A jọ máa ń jẹun."

"Nínú abọ́ kan náà?"

"Bùrọ̀dá ló na aṣọ sí mi! Wọ́n ní kí n ṣe é kíá kó o tó ti àsàlátù dé, kó o má baà mọ̀ pé wọ́n ti fi pẹ́dà kọ òkúta. Mo ní màá padà wá tún un ṣe dáadáa. Mo gbàgbé ni!"

Mùjídàt tún ìró rẹ̀ ró. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ọkọ mi, Eyínmẹ́nugún, mi ò lè bú yín. Ẹ̀yin fúnra yín ti bú ara yín tán, mo sì ti ṣe àmín. Ó ku gèlè díẹ̀ nínú ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀, kí eyín yín bá wa fà á."

"Ìyàwó! Gíríìsì wà níbẹ̀!"

"Ẹ rọra fà á, sà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, a jọ ń lọ bẹ Sikirat ni."

Fóònù Mùjídàt dún. Bùrọ̀dá ni, ó ti délé, kò bá alùpùpù níbẹ̀. Sírájúdéènì mí kanlẹ̀, ó rò pé ẹ̀rù á mú ìyàwó dìde.

"Ẹ ǹlẹ́ o, olówó orí mi," ni Mùjídàt wí, kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé alùpùpù. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò yín. Ẹ máa bọ̀ níbí tààrà." Ó wo ihò pẹ́dà, ó wo ẹnu Sírájúdéènì. "Eyín tiẹ̀ nìkan ò ká a. Ẹ fọ ẹnu yín wá."