Pèrègún Òkè Arère

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Bí wọ́n bá ń jà sí ààlà, pèrègún a máa ta gbòǹgbò"? Mo mọ ìdí òwe náà o. Èyí tí mi ò mọ̀ títí dòní ni pé, ta ló ni òkè yẹn gan-an?

Ìlú méjì ló wà níbẹ̀, Òkè-Arère lókè, Ìsàlẹ̀-Arère nísàlẹ̀. Wọ́n ti gé gbogbo igi àárín wọn tán, odò wá ń gbẹ. Ìyá Dúródọlá, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, á rìn títí kó tó rí omi. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Wọ́n pe ìpàdé pé kí àwọn gbin igbó padà, látorí òkè dé etí odò. Ìpàdé mẹ́ta, igi kan ò wọlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gé igi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn," ni Baálẹ̀ Lágbayì ti ìsàlẹ̀ wí. "Èmi, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Baálẹ̀ Òjẹ́làbí ti òkè fèsì: "Ta ló ra pákó wa? Ṣebí òun lẹ fi kan àjà yín!"

Ìyá Dúródọlá kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, omi ni mo ń wá fún ọmọ mi."

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìlú là ń sọ," ni àwọn baálẹ̀ méjèèjì dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìsàlẹ̀ jí bá ìlà pèrègún kan lórí òkè. Ẹ sáà mọ̀ pé pèrègún la fi ń pààlà ilẹ̀.

"Háà! Àwọn ará òkè ti jẹ ilẹ̀ wa!"

Èèwọ̀ ni kéèyàn fa pèrègún ààlà tu, ni wọ́n bá gbin tiwọn sókè ìyẹn. Àwọn ará òkè rí i, wọ́n gbin tiwọn sísàlẹ̀. Tọmọdé tàgbà kò sinmi mọ́. Baálẹ̀ Lágbayì tí ẹ̀yìn ń dùn, ó gbin ogójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Òjò dé. Pèrègún ò kúkú bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ta gbòǹgbò, ó di erùpẹ̀ mú. Ẹyẹ ń bà lé e, wọ́n ń yàgbẹ́ tó ní kóró èso sílẹ̀. Ìrókò hù, ìyeyè hù.

Wọ́n gbé ẹjọ́ ilẹ̀ náà dé kóòtù. Lọ́dún kẹjọ, adájọ́ wá wo ààlà. Àárọ̀ ló wọ inú pèrègún, ìrọ̀lẹ́ ló jáde, ewé kún fìlà rẹ̀.

"Ààlà wo? Igbó ni mo rí! Ẹ fún mi lómi."

Dúródọlá ló sáré bu omi odò wá fún un.

Àwọn àgbà wo ara wọn. Wọ́n ní, bí wọ́n bá ń jà sí ààlà, pèrègún a máa ta gbòǹgbò.

Dúródọlá ni ìyá ìyá mi. Ìgbà tí èmi náà di ẹni tó ń pọn ọmọ ló tó sọ fún mi pé ìyá òun ló gbin ìlà àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú òun lẹ́yìn rẹ̀.