Àga Mi Tí Mo Fẹnu Ara Mi Tà

Ọjọ́ ìkórè kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé, kódà bí wọ́n bá fi kànìnkànìn fọ ọkàn náà. Kí ọjọ́ ọ̀hún tó dé rárá ló ti rẹ̀ mí. Tíṣà ni mí ní Dọ́pẹmu, Ìdímù ni mò ń gbé, ìjọ wa sì wà ní Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó tún ń du kẹ̀kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi jẹ alága ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ wa fi mí jẹ alága ìkórè, mi ò sì lè sọ pé rárá.

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí lára nígbà náà ni àga mi. Àga onítìmùtìmù ni, ó ti pẹ́, ó sì ti mọ ìdí mi dáadáa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, inú rẹ̀ ni mo ti ń sùn, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti ń rí ìsinmi. Orogún òun ni ìyàwó mi máa ń pè é.

Àṣà ìjọ wa ni pé bí ènìyàn bá mú nǹkan wá fún ìkórè, wọn á pe orúkọ rẹ̀ síta, wọn á kọrin fún un, òun náà á sì jó dé iwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa ń lu àwọn ẹ̀bùn náà ní gbàǹjo, ká lè rí owó ṣe iṣẹ́ ilé Ọlọ́run. Lọ́dún náà, òrùlé tó ń jò la fẹ́ tún ṣe. Mo rò ó pé ẹni tó mú iṣu kan ṣoṣo wá lè jó títí ọ̀sán á fi pọ́n, mo bá ní àṣà yìí gbọ́dọ̀ yí padà. Mo gun orí pẹpẹ, mo wàásù títí ohùn mi fi há.

"Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe, kí tòsì má mọ̀! Lọ́dún yìí, a ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ẹ̀bùn yín sí yàrá ẹ̀yìn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ jókòó. Ẹ má sì mú ohun tó ti sú yín wá o. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù nínú ilé yín ni kẹ́ ẹ fún Ọlọ́run!"

Wọ́n ṣe àmín, àmọ́ àmín ọ̀hún ò dé inú. Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kọrin fún òun, dìde.

"Tíṣà, bí o ò bá pe orúkọ wa, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó mú ẹ̀bùn wá àti ẹni tó mú ìdọ̀tí wá?"

"Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, Bàbá."

"Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún wa."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ọlọ́gbọ́n ni mo pe ara mi nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo ti kúrò nílé ní ìdájí láti lọ to àga ìjọ. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lórí àwọn ẹ̀bùn lẹ́yìn ìsìn, ojú gbà mí tì. Ìrẹsì àti iṣu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù tí kò lè yí náà wà níbẹ̀, àti ìkòkò tó ti jò, àti bàtà méjì tó jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Àṣé bí wọn ò bá ní pe orúkọ ẹni, ìgbà yẹn lèèyàn ń rántí gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ nílé. Bàbá Ìjọ kàn ń wò mí ni. Mo sáré sọ fún ẹni tó ń lu gbàǹjo pé kó yáa gbé ohun tó dára jáde, jàre.

Ló bá gbé àga mi jáde.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó jọ ọ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí àmì ife tíì mi lápá rẹ̀. Mo wo ìyàwó mi láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo àjà. Mo yọ́ lọ bá a.

"Ìyá Dámi, kí lo ṣe yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kéèyàn mú ohun tó fẹ́ràn jù nílé wá. Àbí ara mi ni kí n gbé wá? Àwa méjèèjì ṣáà mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ fẹ́ràn jù."

Mi ò lè pariwo pé tèmi ni. Òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe ló dí mi lẹ́nu. Àfi kí n rà á. Mo nawọ́ sókè.

"Alága fúnra wọn!" ni ẹni tó ń lu gbàǹjo kígbe. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn o!"

Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí ìjọ rí i pé alága ń làágùn nítorí ògbólógbòó àga, wọ́n ní nǹkan á wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì fi owó lé e. Mo fi lé e. Bàbá Ìjọ náà fi lé e. Owó oṣù ò tíì wọlé, agbára mi ò gbé e mọ́. Mo fìdí lé bẹ́ǹṣì pákó, ẹ̀yìn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. Bàbá Ìjọ ló ra àga mi.

Ó sanwó tán, ó gba máìkì.

"Tíṣà ni mo rà á fún. Mo ti jókòó nínú rẹ̀ nílé rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún un ní kọ̀rọ̀ o! Ẹ pe orúkọ mi, ẹ pe tirẹ̀, kó jó wá gbà á!"

Orin bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n tún fi oríkì mi tí ìyàwó mi nìkan mọ̀ lé e. Èmi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má jó, mo jó, mo fọwọ́ di ẹ̀yìn mú, títí mo fi dé iwájú pẹpẹ. Kí n tó mọ̀, àwọn èèyàn ti ń dìde: "Èmi ni mo ni ìrẹsì yẹn o, ẹ pe tèmi náà!" Àwọn kan sáré lọ sílé, wọ́n sì gbé ohun tó dára dé. A rí owó òrùlé. Àmọ́ títí di òní, ẹnikẹ́ni ò jáde pé òun lòun ni bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì.

Mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ yí àṣà ọlọ́jọ́ pípẹ́ padà, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ín léèrè ohun tó ń ṣe fún wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ wàásù pé kéèyàn mú ohun tó fẹ́ràn jù wá, kó lọ ti ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ pa ná.

Àga náà ti padà sílé. Ìyàwó mi ló ń jókòó nínú rẹ̀ báyìí. Ó ní òun lòun fi í fún Ọlọ́run, òun náà ni Ọlọ́run sì dá a padà fún. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa àpótí, mo jókòó. Ó ti rẹ̀ mí jù láti bá a jiyàn.