Ìdọ̀bálẹ̀ Tíṣà Adéoyè ní Agbabu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ná.

Ayé ṣọ́já ni. Epo ọkọ̀ wọ́n ju imí eégún lọ. Èmi Pius tí mò ń lẹ táyà ní Ore, n kò rí táyà lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà ni mo wá ń fi fẹ́ná fún ìyá alágbàdo.

Àsìkò yẹn gan-an ni Tíṣà Adéoyè, ará Ìlá tí ìjọba gbé wá kọ́ àwọn ọmọ wa, ní òun fẹ́ lọ fojú han bàbá Hannah, ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fi ṣaya, ní Agbabu. Ó ní kí n sin òun lọ. Kò sí ọkọ̀, la bá fẹsẹ̀ rìn ín.

Ẹ ò mọ Pa Elisha, bàbá Hannah. Ẹ má fi ìdọ̀bálẹ̀ bá a ṣeré. Bọ̀bọ́ kan wá láti Ago Alaye rí, ó kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Pa Elisha ní kó lọ máa wá a nílé bàbá tiẹ̀.

Bí Tíṣà ṣe ń dánra wò lójú ọ̀nà nìyẹn. A ó rìn díẹ̀, gbì! ó ti nà sílẹ̀.

"Pius, ṣé àyà mi kanlẹ̀?"

"Ó kàn án, Tíṣà."

Ewúrẹ́ kan tiẹ̀ dúró, ó rò pé òun ni wọ́n ń kí.

A rìn, a rìn, a rìn títí bàtà mi fi lanu. Oòrùn ń jó wa lágbárí. Nígbà tí Agbabu kù díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ kí n fi okùn so bàtà mi. Kí n tó gbójú sókè, Tíṣà ti rí òkúta dúdú kan tó ń dán, ó ti jókòó sinmi lé e.

Òkúta kọ́ o. Ọ̀dà ilẹ̀ Agbabu ni, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì, oòrùn sì ti yọ́ ọ.

Fààà! Tíṣà dìde, ọ̀dà bá a dìde. Ṣòkòtò funfun, òun nìkan ṣoṣo ló dáa nínú tiẹ̀. Mo já ewé kòkó, mo fi nù ún, ewé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi òmíràn nu ewé, ìyẹn náà lẹ̀. Kí n tó ṣe tán, ìdí Tíṣà ti di oko.

Ẹ̀rín ń pa mí, mo ń fi ikọ́ bò ó.

Omi lé ròrò lójú Tíṣà. Ó ní bí òun bá padà báyìí, wọ́n á gbé Hannah fún ẹlòmíràn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀: tá a bá ti dé, kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan.

Ọgbọ́n mi nìyẹn.

A dé, Pa Elisha ò tíì toko dé. Tíṣà fẹ̀yìn rìn wọlé, ó jókòó sórí àpótí ìrókò tí Pa Elisha fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Inú ilé tutù. Ọ̀dà náà tutù, ó gan.

Pa Elisha wọlé pẹ̀lú àdá léjìká.

Tíṣà fò dìde. Àpótí fò dìde. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀. Àpótí dọ̀bálẹ̀ lé e nídìí.

Ó le kú, ìjà Ore!

Hannah fi ìborùn di ẹnu. Èmi ti ń yí nílẹ̀. Pa Elisha wo Tíṣà, ó wo àpótí, ó rọra gbé àdá kalẹ̀.

"Hannah, ọkọ rẹ nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti kan àpótí yìí, kò kí mi rí. Ẹni tó kọ́ igi lẹ́kọ̀ọ́ ilé, tíṣà gidi ni."

Tíṣà dúpẹ́ láti ilẹ̀ tó wà. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n fi kẹrosíìnì díẹ̀ tú òun.

Kẹrosíìnì kẹ̀? Láyé ṣọ́já?

Ìró ìyá Hannah ni ọkọ ìyàwó ró padà sí Ore. Ṣòkòtò rẹ̀ ló kù tó jókòó sórí àpótí.