Ìjà Orí Ewúrẹ́ ní Ìdí-Àgbálùmọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ẹni tí yóò gbé àdúgbò, kó kọ́kọ́ lọ jà níbẹ̀? Ẹ má wojú ara yín. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ pé orí àwọn àgbà ti dàrú.

Awakọ̀ akẹ́rù kan wà tó ń jẹ́ Oyèkúnlé. Ọkọ̀ rẹ̀ a máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn tẹ́tí. Ìbíyẹmí ni ìyàwó rẹ̀, Mákindé ni ọmọkùnrin wọn. Oyún kejì ti tóbi dáadáa nígbà tí onílé ní kí wọ́n kó jáde, ọmọ òun fẹ́ wọlé.

Àdúgbò méjì ló wà níwájú wọn, afárá kékeré kan ló sì là wọ́n láàrin. Òkè-Ìtura ní ọ̀dà lójú títì, omi ẹ̀rọ ń yọ níbẹ̀, ọgbà ilé kọ̀ọ̀kan ga ju orí ènìyàn lọ, òdòdó sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wọn. Ní ti Ìdí-Àgbálùmọ̀, ẹrẹ̀ ni, àti àkùkọ tí kò mọ àkókò, àti kànga kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń fà.

"Òkè-Ìtura ni," Oyèkúnlé wí. "Ọmọ á rí oorun sùn. Èmi náà á rí i sùn."

Ìbíyẹmí ń ro ìbímọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó ń rọbí Mákindé, ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Sókótó. Ó lọgun títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ará ilé kejì gbọ́, wọ́n rò pé rédíò ni. Òun nìkan ló gbẹ̀bí ara rẹ̀.

"Bàbá Mákindé," ó ní, "ẹ tún máa wà lójú ọ̀nà lóṣù tí n óò bí. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n á ti gbọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ jà."

"Kí la ṣe fún ara wa?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká lọ jà ní àdúgbò méjèèjì, ká wo ẹni tó máa yọjú. Ẹ rántí orí ewúrẹ́ tí mo fi pamọ́ fún Mákindé, tí ológbò jẹ? Màá ní ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

Oyèkúnlé fọwọ́ nu ẹnu. "Ṣé kò sí ìjà mìíràn ni?"

"Èyí ló yá lẹ́nu mi."

Òkè-Ìtura ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìbíyẹmí dúró láàrin títì, ó fi ariwo bọnu pé ọkọ òun jẹ ẹran ọmọ. Fèrèsé kan pa dé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan jáde, inú Ìbíyẹmí sì dùn, àfi bí ọkùnrin náà ṣe gbé ajá rẹ̀ tó sì wọlé padà. Nígbà tó yá, ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì kan rọra rìn wá.

"Ẹ kú ìjà o," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún un síwájú díẹ̀. Ọ̀gá mi ń sùn."

"O ò rí i pé ọmọlúàbí ni wọ́n?" Oyèkúnlé sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọn ò dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Ìbíyẹmí gbọ́wọ́ lé ikùn, ó fa Mákindé lọ́wọ́. Wọ́n kọjá afárá.

Ní Ìdí-Àgbálùmọ̀, kò tíì sọ ju "Ẹran ọmọ" lọ tí ìyá àgbà kan tó ń sá ẹ̀gúsí fi dìde lórí ẹní.

"Ẹran wo?"

"Orí ewúrẹ́ ni, mà."

"Pẹ̀lú ahọ́n?" Onígbàjámọ̀ tó wà lábẹ́ igi ló béèrè, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé ìdajì. "Bó bá jẹ́ pẹ̀lú ahọ́n," oníbàárà náà wí, "ọ̀ràn ńlá ni."

Kí Oyèkúnlé tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé àpótí fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti bu omi fún un, obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí sì ti ń fọ ẹsẹ̀ Mákindé, ó ń bá a wí pé kò wọ bàtà. Èrò pọ̀.

"Ẹ má bínú," Oyèkúnlé ní, "eré la ń ṣe."

"Eré náà ni ọkọ tèmi ń ṣe," obìnrin tó ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ dá a lóhùn, "tó fi gbé ìyàwó kejì wálé."

Ìyá àgbà di Oyèkúnlé lápá mú. "Wojú mi, ọmọ mi. Ṣé o jẹ ẹ́ àbí o ò jẹ ẹ́?"

Oyèkúnlé wojú rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn dé, tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé, tó ṣí ìkòkò wò lásán. Ó la ẹnu láti sọ pé rárá.

"Ebi ló ń pa mí, mà," ó wí.

Àkùkọ pàápàá dákẹ́. Ìbíyẹmí dìde lórí àpótí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́? Ìwọ, Oyèkúnlé? Ológbò tí mo fi ìgbálẹ̀ lé jáde nínú òjò ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni Oyèkúnlé ti mọ̀ pé eré ti parí.

Wọ́n dájọ́. Ìyá àgbà mú Ìbíyẹmí wọ yàrá tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní ẹlẹ́bi kì í gbé irun kiri, ó sì fá orí Oyèkúnlé mọ́ tónítóní, oníbàárà olórí ìdajì ń bá a di etí rẹ̀ mú. Wọ́n ní kó lọ wá orí ewúrẹ́ wá, pẹ̀lú ahọ́n, kó sì wá ológbò náà kàn.

Orí ewúrẹ́ ò ṣòro. Ológbò ló fojú rẹ̀ rí màbo. Àyíká ilé wọn àtijọ́ ló ti bá a níkẹyìn, ó gbé e, ológbò náà sì fi èékánná sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Nígbà tó padà dé, ó béèrè ìyàwó rẹ̀.

"Ó wà nílé yín," onígbàjámọ̀ wí.

"Ilé wa wo?"

Wọ́n nawọ́ sí i. Kọ́tìnnì tirẹ̀ ni ó rí tó ń fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Aboyún ò lè máa dúró kiri, ni onílé kan bá ṣí yàrá rẹ̀ tó ṣófo, àwọn géńdé sì ti kó ìkòkò àti ẹní wọn kọjá afárá. Ìbíyẹmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gba ológbò, kò wo ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó jẹ ahọ́n ewúrẹ́ náà tán, ó ní, "Bàbá Mákindé, ẹ wá jẹun."

Oṣù ìbí pé, Oyèkúnlé wà ní Sókótó. Ìbíyẹmí ké "yé" lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá àgbà ti wọlé kó tó ké ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí bàbá ọmọ dé, wọ́n ti wẹ ọmọ, wọ́n ti wẹ ìyá, wọ́n sì ti gbé oúnjẹ pamọ́ dè é. Àgádágodo ló wà lórí ìkòkò ẹran. Ológbò ló sùn tì í.

Kò pẹ́, ní ọjọ́ kan, ọdẹ Òkè-Ìtura sọdá afárá pẹ̀lú ìyàwó tirẹ̀, aboyún ni. Wọ́n dúró lábẹ́ igi, ìyàwó gbá ọkọ láṣọ mú, ó ní ó jẹ ẹran ọmọ. Onígbàjámọ̀ ò gbójú sókè kúrò lórí irun tó ń fá.

"Ṣé ìjà ni," ó béèrè, "àbí ilé lẹ ń wá?"

"Ilé ni, sà."

"Ẹ jókòó. Yàrá kan ṣì kù."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní, ẹni tí yóò gbé àdúgbò, kó kọ́kọ́ lọ jà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló jẹ ẹran náà lóòótọ́, kó yáa wá ìjà mìíràn.