Ọ̀gá Àgbà Dojú Bolẹ̀ Níbi Àdúrà Mere

Iṣẹ́ ti sú Merewalesi débi pé ó ní òun ń padà sí Fiji.

Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan lẹ́yìn ìlú Brisbane ní Australia, níbi tí ilé-ẹjọ́ ń fi àwọn aláìsàn tó dá ọ̀ràn ránṣẹ́ sí. Àwọn aláìsàn kọ́ ló sú u o. Ó ní bí òun tiẹ̀ kú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè òun.

Ni ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Prewitt, bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Látìgbà tó ti jọ̀gá, kò dé wọ́ọ̀dù tí Mere ti ń ṣiṣẹ́ rí.

“Mere, jọ̀ọ́, má lọ.”

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bi Olúwa mi ná.”

Bí Mere ṣe dojú bolẹ̀ gbalaja nìyẹn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń mu tíì, bíi Jóṣúà níwájú àpótí ẹ̀rí.

Ó gbàgbé aago ìpè-fún-ìrànlọ́wọ́ tó wà ní ìgbànú rẹ̀. Aago ọ̀hún, bí nọ́ọ̀sì bá ti nà gbalaja, á gbà pé wọ́n ti lù ú dákú ni.

Wíìn! Wíìn! Wíìn!

Ẹ̀rù ba ọ̀gá. Ó tẹ̀ síwájú, ó di èjìká Mere mú kó lè gbé e dìde.

Gbì-gbì-gbì-gbì! Gbàgà! Ilẹ̀kùn ṣí.

Siaosi, nọ́ọ̀sì ọmọ Tonga tó rí bíi Gòláyátì, ló ṣáájú àwọn yòókù wọlé. Kí ló rí? Mere nílẹ̀, àjèjì lórí rẹ̀.

Wọ́n dà bo ọ̀gá. Ọwọ́ lẹ́yìn, imú nílẹ̀, táì lẹ́nu.

“Ẹ fi mí sílẹ̀! Èmi ni ọ̀gá àgbà yín!”

“A ti gbọ́, bàbá,” Siaosi fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. “Ẹnì kan ní òun ni ọba England láàárọ̀ yìí. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta.”

“Mere, sọ fún wọn!”

Mere gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ní í bá Olúwa sọ̀rọ̀ tí í dá a dúró láàárín? Ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Ó gbà á fún gbogbo erékùṣù Fiji. Ó wá rántí pé Ìwé Mímọ́ ní ká máa gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ.

Ìyẹn pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀rín ń pa èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí lọ.

“Àmín.” Mere gbórí sókè. “Siaosi, ọ̀gá wa nìyẹn o.”

Wọ́n gbé ọ̀gá dìde, wọ́n gbọn ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n fi yìnyín sí i lọ́rùn.

“Kí ni Olúwa wí?” ọ̀gá bèèrè, ohùn ti há.

“Ó ní kí n dúró, sà. Mo ti rí i pé bí nǹkan bá ṣe mí, wọ́n á sáré wá.”

“Ó dáa. Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Kí la lè ṣe kí iṣẹ́ yìí túbọ̀ máa wù yín?”

Àwọn nọ́ọ̀sì wojú ara wọn.

“Ọ̀gá,” Siaosi wí, “ẹ ṣáà máa yà kí wa lóṣooṣù.”