Olóyin Tó Ru Ẹrù Àna Kọjá Níbi Eré Alùpùpù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í ru ẹrù àna wòran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa ni, ẹ ń mi orí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ká ẹsẹ̀ mi jọ. Àwọn àgbà tí mò ń wí yẹn, èmi náà wà láàárín wọn lọ́jọ́ náà, igbá ẹ̀pà sísun wà níwájú mi, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìlú wa ní Òkè-Ìrò, bí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn eléré máa ń ti ìlú ńláńlá wá, wọ́n á wá fi ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó yí òkè wa ká díje. Ọ̀sẹ̀ kan ti alùpùpù, ọ̀sẹ̀ kejì ti mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á fún ara wọn títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ àṣekágbá, alùpùpù ń sá, mọ́tò ń sá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí nǹkan. Ojú mi ni iná mànàmáná ṣe wọ ìlú wa. Ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó dà bí àwọn alùpùpù wọ̀nyẹn rí. Àyà rẹ ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn kí wọ́n tó dé etí rẹ. Ilẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ̀pà á máa jó nínú igbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ láti ẹ̀yìn òkè, bí wọ́n bá sì dé kọ́nà ìdí ìrókò, wọ́n á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, eékún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀, wọn ò sì ní ṣubú. Ta ló kọ́ irin ní irú ìwà yẹn? Ti mọ́tò wá ńkọ́? Gegele kan wà lójú ọ̀nà náà. Bí mọ́tò bá fi eré gùn ún, ó di ẹyẹ nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo abẹ́ mọ́tò bí ẹni ń wo ikùn àwòdì. Mo gbàgbé láti pa ẹnu mi dé, eruku kún un.

Nínú gbogbo àwa tí à ń la ẹnu, kò sí ẹni tí tirẹ̀ là tó ti Ládìméjì. Olóyin ni, òun ló ń fá oyin tí gbogbo ìlú ń lá, oyin tó pọ́n, tó mọ́, tí wàá fi rí ìsàlẹ̀ abọ́. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó wá. Nígbà tó yá, a ò rí oyin lá mọ́. Kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí alùpùpù bá fì sí ọ̀tún, Ládìméjì á fì sí ọ̀tún. Bí mọ́tò bá fò, òun náà á fò. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló máa ń gbẹ́ ilẹ̀. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìjì, alùpùpù pupa, aṣọ pupa, akoto pupa. Òun ni Ládìméjì gbà pé kò sí irú rẹ̀. Ọjọ́ tí Ìjì ṣubú tó fi eékún gbolẹ̀, Ládìméjì ló tiro délé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà ni pé ọkùnrin yìí ń fẹ́ Àríyìíkẹ́, ọmọ Baba Ọ̀ṣúntúyì tó ń hun ẹní. Àríyìíkẹ́ náà fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ dé inú ọkàn. Baba ló ń fà sẹ́yìn.

“Ojú rẹ̀ kì í dúró,” ni Baba wí. “Ohunkóhun tó bá ti sáré kọjá, ojú rẹ̀ á bá a lọ. Ojú tó ń bá alùpùpù lọ lónìí, ta ló mọ ohun tó máa bá lọ lọ́la?”

“Baba, alùpùpù ni, kì í ṣe obìnrin,” ni Àríyìíkẹ́ fèsì.

“Obìnrin ló ń gun èyí tó ń wò. Mo ti béèrè.”

Ṣùgbọ́n Àríyìíkẹ́ kò fi Baba lọ́rùn sílẹ̀. Baba bá ní ó dáa, kí àṣà dá ẹjọ́ náà. Àṣà ìlú wa ni pé nínú ẹrù ìdána, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa rù ú láti ilé wọn, kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀ títí bàbá ìyàwó yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

“Bó bá rù ú dé láìkanlẹ̀, ọmọ mi di tirẹ̀,” ni Baba wí. “Bó bá kanlẹ̀, kó gbé e padà síbi eré.”

Baba náà ló sì mú ọjọ́. Ọjọ́ àṣekágbá eré ló mú. Ẹ má rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Ládìméjì bu oyin kún abọ́ tánganran fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dé etí. Ìyá Wúrà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣáájú àwọn obìnrin ilé, wò ó.

“Olóyin mi, kẹ́ẹ̀gì ni kó o rọ ọ́ sí. Kẹ́ẹ̀gì ní ìdérí.”

“Ìyá Wúrà, ṣé epo jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbé lọ fún àna mi ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń dán.”

“Ó dáa, ọkọ mi. Wọn á rí i.”

Ó da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó ṣe òṣùká, ó gbé e rù. Wọ́n jáde, àwọn obìnrin ru iṣu, orógbó, ataare, wọ́n ń kọrin lọ. Ọ̀nà eré ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọdá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn tó ń darí eré ti ta okùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọdá títí eré yóò fi parí. Ni wọ́n bá yà sábẹ́ ìrókò lọ́dọ̀ mi.

Ìyá Wúrà ní, “Olóyin mi, kọjú sí igi.”

Ládìméjì kọjú sí igi. Mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ilẹ̀ ti ń gbọ̀n.

“Ìyá Wúrà, Ìjì ló ń bọ̀ yẹn. Mo mọ ohùn máṣíìnì rẹ̀.”

“Igi ni mo ní kó o wò.”

“Igi náà ni mò ń wò. Etí mi ni kò sí níkàáwọ́ mi.”

Ni àwọn alùpùpù bá yọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí igi fúnra rẹ̀ bá ní ọrùn, á yí i. Ìjì wà níwájú, ó fì sí kọ́nà débi pé mo rò pé ilẹ̀ fẹ́ gbé e mì. Ládìméjì yíjú, ó fì. Abọ́ náà fì. Oyin yọ lábẹ́ ewé, ó gba iwájú orí rẹ̀ wá sí imú. Ó lá a, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun lá nǹkan kan.

“Ládìméjì!” Ìyá Wúrà kò pè é ní olóyin mọ́.

Àwọn mọ́tò ló tẹ̀ lé e. Èyí àkọ́kọ́ gun gegele, ó fò. Ládìméjì fò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣí lọ, oyin sì sọ̀ kalẹ̀ sí i lọ́rùn, láyà, lẹ́yìn, bí ẹni ń wẹ̀. Eruku pupa tí mọ́tò gbé dìde wá bò ó, ó lẹ̀ mọ́ ọn láti orí dé ẹsẹ̀, ó pupa bí bíríkì. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan nu ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fi àyà lé igbá ẹ̀pà mi. Nígbà tó dìde, ẹ̀pà mi bá a dìde, pẹ̀lú bébà tí mo fi ń pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kejì kò kúrò létí abọ́. Abọ́ kò kanlẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn.

Inú ihò ìrókò yẹn ni àwọn kòkòrò oyin ń gbé. Wọ́n gbọ́ òórùn ohun ìní wọn. Wọ́n jáde wá wò ó.

Ládìméjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin wà lápá ọ̀tún, èrò kún òsì, ojú ọ̀nà eré nìkan ló ṣófo. Ó bẹ́ sábẹ́ okùn, ó bọ́ sójú ọ̀nà, abọ́ lórí, kòkòrò lẹ́yìn. Ìjì ló ń bọ̀ lẹ́yìn kòkòrò, àyípo tó gbẹ̀yìn ló ń sá. Nígbà tó rí ohun tó ń sáré níwájú òun, ẹ̀rín pa á débi pé ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lórí eré. Ọkùnrin tó di àsíá mú níbi òpin eré, eruku ti dí i lójú. Ohun tó mọ̀ ni pé ohun pupa ni kó máa retí. Ohun pupa kan ré kọjá, ọkùnrin náà bá ju àsíá pé eré ti parí. Gbogbo èrò hó.

Ìjì dúró ti Ládìméjì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun ẹ̀yìn mi kíá.”

“N kò lè sọ abọ́ yìí.”

“Ta ló ní kí ẹ sọ̀ ọ́? Ilé ta là ń lọ?”

“Ilé àna mi.”

Alùpùpù gbéra, ó fi àwọn kòkòrò sílẹ̀ lẹ́yìn. Èmi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹ̀pà mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo rí i bó ṣe jókòó sẹ́yìn ẹni tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wò, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n fi jọba. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà ilé Baba Ọ̀ṣúntúyì, wọ́n jọ fì. Ìwọ̀nba oyin tó kù bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Baba àti àwọn ará ilé ti jókòó. Ẹní tuntun, tí Baba hun nítorí ọjọ́ náà, wà nílẹ̀. Alùpùpù ké wọ àgbàlá, ohun pupa méjì sì wà lórí rẹ̀. Baba wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

“Èwo nínú yín ló wá fẹ́ ọmọ mi?”

“Èmi ni, Baba,” ni Ládìméjì wí. Ó fẹ́ sọ̀, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ Ìjì. Wọ́n fà wọ́n yà bí ẹni ń ya àkàrà méjì tó lẹ̀ pọ̀.

Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó di abọ́ mú kó sọ̀ ọ́. Òṣùká bá a wá, irun díẹ̀ bá òṣùká wá. Ládìméjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní. Baba ní kó dìde. Ó dìde, ẹní náà dìde.

Baba wo inú abọ́. “Ibo ni oyin wà?”

“Ó wà níbí, Baba. Ara mi ló pọ̀ sí.”

Àríyìíkẹ́ jáde láti inú yàrá, kò dúró de ẹni tó máa pè é. Ó fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ládìméjì, ó lá a, ó já ẹ̀pà kan láyà rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

“Ó dùn. Wọ́n tún fi ẹ̀pà sí i. Baba, abọ́ kò kanlẹ̀.”

Abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Baba. A mọ̀ pé inú rẹ̀ kò tíì gbà á, àyà Ládìméjì sì ń mi ẹní. Baba yíjú sí Ìjì.

“Ìwọ lo gba ipò kìn-ín-ní lónìí?”

“Rárá, Baba. Àna yín ló ṣáájú mi.”

Ó kí wọn, ó dé akoto rẹ̀, ó ṣáná sí máṣíìnì. Ilẹ̀ gbọ̀n. Ó jáde ní àgbàlá, ó dojú kọ kọ́nà, ó fì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára. Eruku dìde lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn wọ inú eruku náà, bí ẹni pé wúrà ló ń tú dànù. Baba Ọ̀ṣúntúyì, tí kò wo eré kankan rí láyé rẹ̀, na ọrùn, ó la ẹnu, ó fì sí ọ̀tún pẹ̀lú rẹ̀.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún gbàǹgàlà nílẹ̀.

Ládìméjì, tí ẹní ṣì wà láyà rẹ̀ bí aṣọ ogun, ló fọhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Baba, ẹrù ti kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ mi.”

Baba wúkọ́. Ó wo abọ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwa ará ìlú tí a ti kún ẹnu ọ̀nà. Kí ló kù tó máa wí?

“Mo fọwọ́ sí i, kí wọ́n fẹ́ ara wọn,” ló wí. “Kí gbogbo yín sì fi kọ́gbọ́n: a kì í ru ẹrù àna wòran.”

Ìyá Wúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà pẹ̀lú iṣu lórí, ó ní òun ti wí fún Ládìméjì láti àárọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ní ìdérí. A bomi gbígbóná sára ọkọ ìyàwó kí ẹní tó ṣí. Ẹ̀pà mi, wọ́n jẹ ẹ́ tán lára rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa, ẹ má kàn mi orí mọ́. Ojú bàbá ìyàwó pàápàá bá Ìjì lọ. A kì í ru ẹrù àna wòran.