Káfíńtà Lóyún, Kọ̀ǹpútà Ló Sọ Ọ́

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera nìyí, àwọn tí à ń sanwó fún nígbà tí ara le, kí wọ́n lè bá wa san ti dókítà lọ́jọ́ tí ara bá kọ̀. Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Gíláàsì kan ló pín gbọ̀ngàn sí méjì: Akọ̀wé wà lọ́hùn-ún nínú atẹ́gùn tútù, àwọn aláìsàn wà níhìn-ín nínú ooru. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ÀṢÍRÍ YÍN KÒ NÍ Í TÚ LỌ́WỌ́ WA. Káfíńtà kan wọlé, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ó fi aṣọ di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò ọ̀hún ti wú bíi búrẹ́dì tó já sómi. Ó ki káàdì rẹ̀ bọ ihò gíláàsì. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà, ó bú sẹ́rìn-ín.

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàbọ̀, mà.

KÁFÍŃTÀ: (ó wo ẹ̀yìn) Ta lẹ̀ ń kí?

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ rọra jókòó o, ẹ má já ara yín lulẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Àǹtí, ṣé ẹ rí irùngbọ̀n yìí?

AKỌ̀WÉ: Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tan èèyàn jẹ. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ la máa ń gbà níbí.

KÁFÍŃTÀ: Kò burú. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Dókítà ní kí wọ́n là mí lọ́wọ́ lónìí, pé bí egbò yìí bá fi lè wọ eegun, gígé ni wọ́n máa gé ìka yìí dànù. Mo délé ìwòsàn láàárọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin ò gbà. Wọ́n ní kí n gba ọ̀dọ̀ àwọn aboyún lọ.

AKỌ̀WÉ: Wọ́n ṣe dáadáa.

KÁFÍŃTÀ: Wọ́n ṣe kí ni? Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ̀ ń wò?

AKỌ̀WÉ: Háà, mi ò lè sọ ọ́. Àṣírí aláìsàn ni.

KÁFÍŃTÀ: Èmi ni aláìsàn náà!

AKỌ̀WÉ: Ohun tí gbogbo ẹni tó fẹ́ jí àṣírí aláìsàn máa ń sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀yin. Kí ni orúkọ ìyá yín?

Káfíńtà fi ẹnu kan ihò gíláàsì, ó rọra sọ ọ́.

AKỌ̀WÉ: Ẹ sọ ọ́ sókè, mà, gíláàsì yìí nípọn!

Ó sọ ọ́ sókè. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́, wọ́n sì kí ìyá náà.

AKỌ̀WÉ: Ó kan èyí tó ṣe kókó. Àìsàn wo ló ti ṣe yín rí tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Ẹ gbé ohùn sókè dáadáa.

KÁFÍŃTÀ: Níwájú gbogbo èrò yìí?

AKỌ̀WÉ: Àwa la búra pé a ó pa àṣírí yín mọ́, mà. Àwọn ò búra.

Gbogbo èrò ti na etí sílẹ̀. Kódà ẹni tó ń wúkọ́ látàárọ̀ gbé ikọ́ mì.

KÁFÍŃTÀ: (ó dorí kodò) Jẹ̀díjẹ̀dí.

AKỌ̀WÉ: (ó pariwo) JẸ̀DÍJẸ̀DÍ! Ó bára mu! Ẹ kú oríire, mà, ẹ̀yin lẹ̀yin.

KÁFÍŃTÀ: Ọlọ́run ó san án fún yín. Ṣé mo ti wá lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ nípa ara mi?

AKỌ̀WÉ: Ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́. Ó wà níbí pé ẹ ti lóyún.

Gíláàsì ò jẹ́ kí Káfíńtà gbọ́ ọ dáadáa.

KÁFÍŃTÀ: Bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ́yún! Ọyún náà sì pọ̀ gan-an.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ò wá sẹ́. Ṣé ó ti ń sọ nínú?

KÁFÍŃTÀ: Ó ń sọ kìkìkì! Pàápàá bí mo bá dùbúlẹ̀. Mi ò lè sùn.

AKỌ̀WÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ta ló fà á?

KÁFÍŃTÀ: Ìṣó ni.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀ṣọ́? Ẹ̀ṣọ́ ibo?

KÁFÍŃTÀ: Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti gbó, ó ti dípẹtà. Mi ò fura sí i títí tó fi gún mi.

AKỌ̀WÉ: Hẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá wí nígbà tó gbọ́?

KÁFÍŃTÀ: Kí ló máa wí? Mo ti gbé e sọ sí ààtàn lójú ẹsẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Ẹ kú làákàyè. Irú wọn kì í dúró tọ́jú ọmọ.

KÁFÍŃTÀ: Ọmọ wo?

AKỌ̀WÉ: Ọmọ inú yín, mà.

Káfíńtà wo inú ara rẹ̀. Ó wo Akọ̀wé. Ó tún wo inú ara rẹ̀, bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tí wọn ò sọ fún un.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ní mo kí ni?

AKỌ̀WÉ: Ẹ lóyún. O, Y, U, N. Òun nìyí gbangba gbàǹgbà.

KÁFÍŃTÀ: Ọyún! Ọyún tó ń rùn! Nọ́ọ̀sì bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn pé kí ló ṣe ọwọ́ mi, mo ní ó lọ́yún!

AKỌ̀WÉ: Ohun tó kọ náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wa kì í gba àmì ni, mà. A yọ tòkè yọ tìsàlẹ̀, kó lè máa yára.

KÁFÍŃTÀ: Ó yára lóòótọ́. Ó ti yára dé ilé àna mi.

AKỌ̀WÉ: Àti pé kì í ṣe ẹ̀rí kan ṣoṣo la ní. Eyín ń dùn yín, a ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn ló ń dùn mí! Ṣé ẹ̀yìn mi lẹ fẹ́ yọ?

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yìn? (ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá) Ẹ ò rí nǹkan! Ta ni ẹ̀yìn máa ń dùn bí kò ṣe aboyún?

KÁFÍŃTÀ: Mo gbé! Tẹ̀ ẹ́, ìyá mi, máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí mo bá sín, ẹ kọ ọ́ pé ìrọbí ti dé.

AKỌ̀WÉ: Ṣé ẹ fẹ́ sín ni, mà?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ jọ̀ọ́, ta tún lẹ sọ fún? Nítorí láti ọjọ́ mélòó kan ni mi ò ti gbádùn. Ẹni kan fi fóònù jí mi, ó ní "Ìyá ìkókó, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o," ó fẹ́ ta wàrà ọmọ fún mi. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tán tí òmíì fi wọlé, bẹ́ẹ̀dì ọmọ lòun ń tà. Èmi, káfíńtà, ni wọ́n fẹ́ ta bẹ́ẹ̀dì fún!

AKỌ̀WÉ: Àwọn alábàáṣepọ̀ wa nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ní ká sọ fún wọn.

KÁFÍŃTÀ: Èmi bí ta ni?

AKỌ̀WÉ: Ẹ tẹ "Mo gbà" lórí fóònù.

KÁFÍŃTÀ: Mo rò pé mo gbà pé kí ẹ máa tọ́jú mi ni!

AKỌ̀WÉ: Ìyẹn wà lẹ́yìn wàrà àti bẹ́ẹ̀dì. Bóyá ẹ ò kà á débẹ̀.

Káfíńtà fi orí gbá gíláàsì díẹ̀díẹ̀. Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi àánú bò ó. Ìgbà tí irú wọn bá fi àánú bò ọ́ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

AKỌ̀WÉ: Ṣùgbọ́n èyí tó ń kọ wá lóminú jù ni ti ìyàwó yín. Kò yẹ kó máa lù yín nínú ipò tí ẹ wà yìí.

KÁFÍŃTÀ: Ìyàwó mi ń lù mí?

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin lẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó wà níbí: aya mi ń jà.

KÁFÍŃTÀ: Àyà mi ń já! Àyà mi ló ń já! Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń bà mí!

AKỌ̀WÉ: Áà. A ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Òun lẹ ní ká pè bí nǹkan bá ṣe yín.

KÁFÍŃTÀ: Abájọ! Abájọ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi já wọlé lánàá, tó fa àbúrò rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, tó ń sunkún, tó ní, "Bó ti wù kó ṣẹ̀ ọ́ tó, ṣé aboyún lèèyàn ń lù?"

AKỌ̀WÉ: Kí ni ìyàwó yín wá ní?

KÁFÍŃTÀ: Ó ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá lílù tí òun ò lù mí ni kí òun kọ́kọ́ rò, tàbí ẹni tó fún mi lóyún. Mo rò pé orí ló dà á rú ni, àṣé ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀!

Ọwọ́ ta á wìnnì. Ó jókòó, ó di ìka náà mú, ojú rẹ̀ yí padà. Àwàdà tán lójú ọkùnrin náà.

KÁFÍŃTÀ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Àtàǹpàkò yìí ni mo fi ń di òòlù mú. Mi ò mọ iṣẹ́ míì. Bí wọ́n bá gé e, èmi àti àwọn ọmọ mi ti parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi yọ oyún yẹn kúrò.

AKỌ̀WÉ: (ó fò dìde) Mà! Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu yín mọ́! Ilé-iṣẹ́ yìí kì í báni ṣẹ́yún!

KÁFÍŃTÀ: Lórí kọ̀ǹpútà ni mo wí!

AKỌ̀WÉ: Lórí kọ̀ǹpútà gan-an ni. Oyún tó bá ti wọlé síbẹ̀, àfi kí ẹ bí i. Bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, ẹ lè kọ̀wé sí orílé-iṣẹ́ wa, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò.

KÁFÍŃTÀ: Èsì á dé nígbà wo?

AKỌ̀WÉ: Oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò mọ̀ pé òun dápàárá.

KÁFÍŃTÀ: Nígbà yẹn, mo ti bí i, ó ti ń fi ìka mi tí ẹ gé ṣeré.

AKỌ̀WÉ: Ẹ má bínú, mà, ìbínú ò dáa fún ọmọ. Ẹ ò tiẹ̀ ní kí n wo ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ìka lílà, rárá, aboyún ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Oògùn ọyún, rárá, ó lè pa ọmọ lára. Háà! Èyí wà: bí ọmọ bá kọ̀ tí kò jáde, kí wọ́n fi abẹ gbé e. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

KÁFÍŃTÀ: Tẹ kí ni? Ẹ fẹ́ kí wọ́n la inú mi?

AKỌ̀WÉ: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Háà, mà! Ó ti gbà! Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì!

Káfíńtà la ẹnu láti ṣépè. Ó pa á dé. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo àtàǹpàkò.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ní dókítà á wà níbẹ̀?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀gá pátápátá ni.

KÁFÍŃTÀ: Tòun tọ̀bẹ?

AKỌ̀WÉ: Tòun tọ̀bẹ, tòun tabẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n lára.

KÁFÍŃTÀ: Lónìí?

AKỌ̀WÉ: Nísinsìnyí, mà. Yàrá ti ṣí sílẹ̀ dè yín.

Káfíńtà dìde. Ó tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ti ìbàdí bí àwọn aboyún ṣe máa ń ṣe, ó sì mú ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn pọ̀n.

AKỌ̀WÉ: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o, mà!

KÁFÍŃTÀ: Àmín, ìyá mi. Ẹ sáà bá mi tètè pe dókítà kó má lọ máa wá a kiri inú mi: àtàǹpàkò lọmọ mi dùbúlẹ̀ sí.